Ẹ Má Buwọ́ Lù Ú Pé Irọ́ Lẹ Pa

Ìwé ìbúra kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ní Abuja yìí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á lórí. Ojú ewé méjì ni, kì í sábà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ẹ̀gbẹ́ kóòtù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mọ́ ọn lókè, òǹtẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ á sọ pé obìnrin náà ni ìyàwó olùjẹ́jọ́. Ìkejì á ní òun fúnra òun lòun lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn. Tó bá di ìlà kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ á wá yíwọ́: pé kò sí òótọ́ kankan nínú ohun tí òun sọ fún ọlọ́pàá, pé owú ló gbé òun débẹ̀, pé ọkọ òun kò na ọwọ́ sí òun rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Obìnrin á buwọ́ lù ú, á búra níwájú òṣìṣẹ́ kóòtù tí kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó, á sì máa lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ẹjọ́ ti parí. Tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Agbẹjọ́rò ni mí. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Kubwa ni mo ń gbé, Kubwa náà ni ọ́fíìsì mi wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn ilé ló ń bọ́ mi. Ẹjọ́ àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù kì í mówó wá, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin Yorùbá tó wà níbí kò fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Hausa ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àjèjì, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ìyá ìjọ, ìyálọ́jà àti ìyàwó Alfa máa ń darí wọn sí. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í wá torí kí n bá wọn pe ọkọ lẹ́jọ́. Wọ́n ti pè é tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa jáwọ́ ńbẹ̀ ni wọ́n ń bá wá.

Èmi kì í bú wọn. Ẹni tó jókòó sí ilé rẹ̀ tó ń sọ pé kí obìnrin dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọin-gbọin, kó kọ́kọ́ béèrè ta ló máa san owó ilé. Owó ilé Abuja kì í ṣe oṣooṣù. Ọdún kan gbáko ni, onílé mìíràn á ní ọdún méjì lòun fẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ wà ní àtìmọ́lé ní Kuje, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró, iléèwé àwọn ọmọ ti fi ìwé owó ránṣẹ́. Ìyá ọkọ ń pè láti Ọ̀fà láràárọ̀, ó ń sunkún. Bàbá tó bí obìnrin náà gan-an á pè, á ní, "Ọmọ mi, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́." Kò sí ìpàdé ẹbí tí òwe yẹn kì í dé. Àwọn tó ń pa á kì í sì í rántí pé ọ̀rẹ́ ọ̀hún ti bàjẹ́ kí kóòtù tó gbọ́ sí i rárá. Mai anguwa, olórí àdúgbò, náà á ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ṣe sulhu, ìyẹn ìlàjà, pásítọ̀ á ní kí tọkọtaya wá kúnlẹ̀. Kò sí èyí tó burú lójú tèmi nínú gbogbo ìyẹn. Bí ẹbí bá lè parí ọ̀rọ̀, kí wọ́n parí ẹ̀. Ohun tí mo ń bá wọn fà ni ìwé tí wọ́n ń mú obìnrin lọ buwọ́ lù lẹ́yìn tí ìpàdé bá tú ká.

Ibi tí àṣìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Obìnrin á ní "ẹjọ́ mi", á ní "mo fẹ́ gba ẹjọ́ mi padà". Mo máa ń fa ìwé ẹ̀sùn yọ, màá tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, màá ní kó ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀ fún mi. Ní kóòtù májísíréètì, Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ló wà lápá kan, ọkọ rẹ̀ lápá kejì. Ní ilé ẹjọ́ gíga, Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni. Orúkọ obìnrin kò sí lókè níbẹ̀. Àárín àwọn ẹlẹ́rìí ló wà, nísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò ní tẹ́ṣàn tó dé kóòtù, ìjọba ló ni ín. Abala 174 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló gbé agbára láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn sílẹ̀ àti láti dá a dúró fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, abala 211 sì gbé irú rẹ̀ fún ti ìpínlẹ̀. Obìnrin lè bẹ̀bẹ̀. Kò lè pàṣẹ.

Obìnrin kan wà tí màá pè ní Ìyá Ìbejì kí n má baà tú àṣírí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wọlé tọ̀ mí wá: òun, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé fáìlì dání. Wọ́n ti tẹ ìwé náà tán. Ìyá Ìbejì ló kọ̀ pé òun ò ní buwọ́ lù ú àfi tí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá bá kà á sí òun létí.

Mo kà á. Ìlà karùn-ún wà níbi tó máa ń wà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Ìbejì wà nínú P.O.P. láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, àwọn ìbejì ti fi báírò aláwọ̀ búlúù ya òdòdó sí i lára. Ọwọ́ òsì ló fi di báírò tirẹ̀ mú. Ọwọ́ òsì yẹn ló fẹ́ fi buwọ́ lù ú pé ọkọ òun kò na ọwọ́ sí òun rí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ta ló kọ ìwé yìí?"

"Lọ́yà wa ni."

"Ti Bàbá Ìbejì ni àbí ti Ìyá Ìbejì?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè tí kò lórí. "Tọkọtaya ni wọ́n, Bàrístà. Ṣebí ọ̀kan náà ni."

"Kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, sà. Ọ̀tọ̀ lẹni tí ìwé yìí ń yọ kúrò lẹ́wọ̀n, ọ̀tọ̀ lẹni tó lè tì síbẹ̀."

Ìyá Ìbejì gbé báírò sílẹ̀. Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ìgbà náà. Ìwé kan ti wà ní tẹ́ṣàn, nínú èyí tí ẹ ti sọ pé ọkọ yín fi igi ìlẹ̀kùn dá yín lọ́wọ́. Ìwé kejì ń bọ̀ lónìí, tí ẹ máa búra lé lórí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kì í bi yín èwo lẹ fẹ́ràn jù nínú méjèèjì. Ohun tó máa rí ni pé ẹ ti purọ́ fún ìjọba lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, ẹ sì ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ irọ́, òfin ọdún 2015 tó de ìwà ipá sí èèyàn, tí gbogbo wa ń pè ní VAPP, ní abala kan fún un, ìyẹn ìkẹjọ: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ kí wọ́n lè ṣèwádìí tàbí ṣẹjọ́ ẹlòmíràn lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù 12 tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì ni irọ́, ìbúra èké ni, ìyẹn sì wúwo jù. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní àríwá yìí, ní ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́rìí èké nínú ọ̀rọ̀ kóòtù lè dé ọdún 14.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ò tíì fojú rí obìnrin tí adájọ́ rán lọ sẹ́wọ̀n lórí èyí ní kóòtù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìhàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí, mo ti rí i gan-an. Ní tẹ́ṣàn kan tí mi ò ní dárúkọ, IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, ṣí ìwé òfin sílẹ̀ níwájú obìnrin tó wá sọ pé òun ò ṣe mọ́, ó ní ó ti fi àkókò ìjọba ṣòfò, pé ó máa sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọkọ rẹ̀ ṣe sùn. Owó ni ìhàlẹ̀ yẹn ń wá. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ lọ, lábẹ́ pátákó tó ní béèlì lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n náà bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání: "Tí kò bá ti sọ pé irọ́ ni, ṣé wọ́n á fi àbúrò mi sílẹ̀?" Wọ́n lè fi í sílẹ̀. Abala 355 nínú òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015, ACJA, fún adájọ́ láyè láti gbà kí ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn yọ ẹ̀sùn rẹ̀ kúrò kí ìdájọ́ tó dé, tí ìdí tó mú wá bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn. Òfin yẹn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kó pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. A jókòó, a tún ìwé kọ. A kọ ọ́ pé Ìyá Ìbejì bẹ kóòtù kó gba òun láyè láti jáwọ́. Pé ẹbí méjèèjì ti jókòó. Pé ọkọ rẹ̀ ti gbà láti san owó ilé ìwòsàn, láti gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó má sì wá sílé àfi lójú ẹlòmíràn. Pé àwọn ọmọ ló ń rò. A wá fi ìlà kan kún un tí ẹ̀gbọ́n náà bá mi jà lé lórí fún ìgbà pípẹ́: ohun tí mo sọ ní tẹ́ṣàn kò yí padà. Ó ní ìlà yẹn máa ba nǹkan jẹ́. Mo ní tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n gbé ìwé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Ìbejì ló sọ pé kó wà ńbẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè.

Kó tó di ọjọ́ kóòtù, mo sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà fún un, èyí tí lọ́yà ọkọ kì í sọ. Tí adájọ́ bá gbà kí ó yọ ẹ̀sùn lábẹ́ abala yẹn, ńṣe ló máa dá ọkọ sílẹ̀ pátápátá pé kò jẹ̀bi. Kò sí pé à ń gbé fáìlì pamọ́ títí ó fi máa tún ṣe é. Lórí ọwọ́ tó dá yẹn, kò tún sẹ́ni tó lè gbé e dé kóòtù mọ́ láé. Ó ní, "Mo gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ." Adájọ́ bi í bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú un. Ó ní rárá. Adájọ́ wo P.O.P., ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní rárá. Olùpẹjọ́ kò takò ó. Ọkùnrin náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Dutse-Alhaji lọ́jọ́ náà.

Bóyá ohun tó ṣe dára tàbí kò dára, mi ò mọ̀, òun ló ni ayé rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọkùnrin yẹn bá tún gbọ́wọ́ sókè, Ìyá Ìbejì lè wọ tẹ́ṣàn lọ láìsí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè nà sí i lójú.

Ìyẹn ni ohun tí obìnrin kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní. Nyanya ló ń gbé. Ó ti buwọ́ lu ìwé tirẹ̀ kó tó mọ̀ mí, ìwé olójú ewé méjì yẹn gẹ́lẹ́, ìlà karùn-ún àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n tú ọkọ sílẹ̀. Nígbà tí lílù tún bẹ̀rẹ̀ tó sì sá dé tẹ́ṣàn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn tó bá níbẹ̀ rántí rẹ̀. Wọ́n fa fáìlì jáde. Ẹnì kan nínú wọn ka ìwé ìbúra rẹ̀ sókè fún gbogbo ẹni tó wà ní kántà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Madam, èwo nirọ́ nínú méjèèjì, ká lè mọ èyí tí a máa kọ?" Ó padà sílé. Kò síbòmíràn tó lè lọ.

Ìwé yẹn kò dúró ní tẹ́ṣàn. Ó tún jáde nínú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ta ló máa mú àwọn ọmọ délẹ̀. Lọ́yà ọkọ so ó mọ́ ìwé tirẹ̀, ó ní obìnrin tó lè purọ́ pé wọ́n lu òun lè purọ́ lórí ohunkóhun. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀: òfin ẹ̀rí ti 2011 fàyè gbà á kí wọ́n fi ohun tí ẹlẹ́rìí ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bi í léèrè. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ láti 1974, nínú ẹjọ́ Onubogu, pé tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí bá ta ko ara wọn tí ẹni tó pè é ò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kóòtù kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó wù ú kó ju èkejì nù. Àlàyé ni gbogbo rẹ̀ wà lórí.

Àlàyé náà la wá ṣe, ó sì gba sùúrù. Mo ní kó má sọ fún mi pé "wọ́n fipá mú mi". Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì wúlò fún adájọ́. Kó sọ ẹni tó tẹ ìwé náà fún mi. Ta ló san owó rẹ̀? Mọ́tò ta ni wọ́n fi gbé e lọ kóòtù, ta ló jókòó tì í lẹ́yìn? Ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ọmọ wà lọ́jọ́ yẹn? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde: àwọn ọmọ wà ní ilé ìyá ọkọ ní Lokoja, wọ́n ti ní kò ní fojú kàn wọ́n àfi tó bá kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Ó ṣì ní ohùn WhatsApp tí wọ́n fi sọ ọ́ ránṣẹ́ nínú fóònù rẹ̀, kò kàn rò pé ó já mọ́ nǹkankan ni. Káàdì ilé ìwòsàn ti ọjọ́ àkọ́kọ́ náà wà, dókítà ti ya ibi tí egbò wà sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Obìnrin lè yí ohùn padà. Káàdì yẹn kò yí tirẹ̀. Mo tún fi han lọ́yà ọkọ pé ẹni tó bá fi túláàsì mú èèyàn ṣe ohun tó máa pa á lára tàbí tó máa dà á lọ́kàn rú ti lu òfin VAPP, abala kẹta, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló sì lè yọrí sí. Láti ìgbà náà ni kò ti fi ìwé ìbúra yẹn dán mi wò mọ́. Ẹjọ́ àwọn ọmọ ṣì wà ní kóòtù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn kan máa ń rò pé ọgbọ́n tó rọrùn jù ni kí wọ́n má yọjú sí kóòtù mọ́. Wọ́n á pa fóònù, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Abala 182 òfin ẹ̀rí kan náà sọ ọ́ kedere: bí ẹ̀sùn bá jẹ́ pé ọkọ lu ìyàwó tàbí ìyàwó lu ọkọ, kóòtù lè fi dandan mú ẹni tí wọ́n lù wá jẹ́rìí, olùjẹ́jọ́ fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ìwé ìpè lè wá. Ẹni tó bá sì kọ etí dídi sí i, adájọ́ lè ní kí ọlọ́pàá lọ gbé e wá. Ẹ wo bó ṣe máa rí: ọlọ́pàá tí kò rí àyè wá nígbà tí wọ́n ń lù ú yóò wá ráyè wá mú un.

Kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, bí àwọn tó ń sọ pé "lókè òkun kò lè rí bẹ́ẹ̀" ṣe rò. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, ní 2015, adájọ́ kan rán obìnrin kan lọ sí àtìmọ́lé ọjọ́ 3 nítorí pé kò yọjú jẹ́rìí lòdì sí ọkùnrin tó lù ú, obìnrin náà sì ń sunkún pé ara òun ò yá àti pé ayé òun ti dàrú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ bá adájọ́ náà wí ní gbangba lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n obìnrin ti sùn sẹ́wọ̀n ná. Ti Wales ní 2010 tún le jùyẹn. Obìnrin kan fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan ọkọ rẹ̀, ó wá ní irọ́ ni, ó tún padà sọ pé òótọ́ ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ ọkọ. Òun ni wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n oṣù 8, nítorí pé ó fi irọ́ gba ẹ̀sùn rẹ̀ padà. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 18, wọ́n gbà pé wọ́n tì í débẹ̀ ni, síbẹ̀ ìdálẹ́bi ò kúrò lórí rẹ̀. Mo máa ń sọ ti Wales yẹn fún àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó máa ń mú wọn dákẹ́ díẹ̀.

Irọ́ gidi náà wà, kí n má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ọkọ àti aya lè bínú débi pé wọ́n á lọ kó ohun tí kò ṣẹlẹ̀ bá ara wọn, òfin VAPP sì ń dáàbò bo ọkùnrin bó ṣe ń dáàbò bo obìnrin. Ẹni tó bá purọ́ lóòótọ́, kó wá lọ́yà tirẹ̀, kó tètè sọ òótọ́ kó tó dé orí ìbúra. Èyí tí mo ń sọ kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ òun lọ sẹ́wọ̀n, tí kò sì fẹ́ kí ó na òun mọ́, ọ̀nà kan wà fún un tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Lábẹ́ VAPP, ó lè lọ bẹ ilé ẹjọ́ gíga Abuja fún àṣẹ ààbò, abala 28 ló sọ ọ́. Adájọ́ lè pàṣẹ fún ọkùnrin pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ dé ilé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá dá ọkọ lẹ́bi. Kò sì sí ìlà kankan níbẹ̀ tí obìnrin á ti pe ara rẹ̀ lópùrọ́. Tí ọkọ bá wá rú àṣẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ ń di ti ọ̀daràn.

Ibi tó wá le ní tiwa níhìn-ín ni ààlà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń sọ pé Abuja làwọn ń gbé, Mararaba ni wọ́n ń sùn, Nasarawa nìyẹn. Tàbí Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. VAPP ti 2015 kò kọjá Abuja. Àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣe tiwọn, Kaduna ti ṣe tirẹ̀ láti 2018. Nítorí náà ibi tí ìgbátí ti ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè ohun tó fà á. Penal Code náà sì ní abala 55 kan tí àwọn lọ́yà ọkọ fẹ́ràn bí ojú, tó sọ pé ọkọ lè fi nínà tọ́ ìyàwó sọ́nà níbi tí àṣà wọn bá ti gbà á, tí kò bá ti ṣe é léṣe tó le. Mo ti gbọ́ kí wọ́n fi dá obìnrin Yorùbá lóhùn ní tẹ́ṣàn, bí ẹni pé àṣà Yorùbá ló kọ ọ́. Ọwọ́ dídá kì í ṣe ìtọ́sọ́nà, àní lábẹ́ abala yẹn pàápàá: òfin ka eegun tó bá dá mọ́ ìṣeléṣe tó le.

Àwọn ẹbí máa ń sọ fún mi pé mò ń ba ilé jẹ́. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n rántí Osinachi Nwachukwu, olórin ìyìn tó kú ní Abuja níbí ní oṣù kẹrin 2022. Ìjọba àpapọ̀ ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, àwọn ọmọ wọn wà lára àwọn tó jẹ́rìí, ní oṣù kẹrin 2025 sì ni ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ọkùnrin náà. Lẹ́yìn tó ti kú ni gbogbo wa wá gbọ́ ohun tó ń fara dà. Tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹni tó ní mò ń ba ilé jẹ́ á yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tí mo ń sọ fún obìnrin tí ìpàdé ẹbí dè lọ́la kò pọ̀. Kí ó ya fọ́tò káàdì ilé ìwòsàn, fọ́tò egbò àti nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹjọ́ rẹ̀ ní tẹ́ṣàn, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé ọkọ kó tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá gbé ìwé jáde, kó ní òun máa mú un lọ kà. Tí wọ́n bá ní kò sí àyè, ìyẹn náà ti sọ nǹkan. Kí lọ́yà tó máa kà á fún un má jẹ́ ti ọkọ. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, Legal Aid Council ti ìjọba àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, wà ní Abuja, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ irú wọn. Nọ́ńbà NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ni 627, àwọn ni òfin VAPP fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Bí ó bá sì ti buwọ́ lu irú ìwé yẹn rí, kó sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ pè, kó sọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbé e lọ búra, kó má dúró dìgbà tí lọ́yà ọkọ bá fà á yọ.